Alhaja Halimah Àkànkẹ́ Akínbíyìí: Ẹni Tí Kò Fẹ́ Kí A Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ara Wa Lẹ́nu Ará Ìta

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin ọmọ àdínì, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Onne tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbi fidáù ọjọ́ kẹjọ yìí, a kí yín kú ìrọ́jú, a sì kí yín kú ìdúró tì wá. Àwa ọmọ olóògbé la pawọ́ pọ̀ kọ ìtàn tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí ẹ bá bá ẹ̀rín pàdé nínú rẹ̀, ẹ má bínú sí wa. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jókòó síbì kan kí ẹ̀rín má sọ níbẹ̀.

Ọdún 1957 ni wọ́n bí Alhaja Halimah Àkànkẹ́ ní Borokiri, nílùú Port Harcourt, sínú ìdílé olóògbé Pa Ọlásúnkànmí, ọmọ bíbí Ìwó Olódò Ọbà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ẹrù ní èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn ni Alhaja Àsàmáù Ọlásúnkànmí, tí gbogbo Borokiri mọ̀ sí Màmá Àgbà, tí wọ́n ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Màmá Àgbà ṣì wà láyé, wọ́n pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Halimah ni àkọ́bí wọn.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Borokiri ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, Pa Ọlásúnkànmí kó ìdílé wọn lọ sí Ìwó, wọ́n sì kó wọn padà nígbà tí ogun parí. Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, Màmá kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé. Yorùbá Ìwó ni wọ́n ń bá ìyá wọn sọ, wọ́n ń fi Kalabari bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣeré, Pidgin sì ni ti gbogbo ayé. Àwa ọmọ kò gbọ́ èdè tó wọn rárá. Kíkẹ́ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ló wá burú jù: bí Màmá bá fi Yorùbá bá a wí, Pidgin ló fi ń bẹ̀bẹ̀.

Lọ́dún 1982, wọ́n ṣe yìgì fún Màmá àti olóògbé Alhaji Mùhámmẹ́d Akínbíyìí, tí wọ́n ń tọ́jú ẹrù ní sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan létí èbúté. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Ọláídé, Falilat àti Kíkẹ́. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Màmá ló ń sọ ti àwọn méjèèjì.

Ọdún 1999 ni ohun tó yí ayé Màmá padà ṣẹlẹ̀. Bàbá lọ ṣe Iléyá ní Ìwó. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mile 3, télọ̀ kan tó mọ̀ wọ́n dáadáa sáré wá di ọwọ́ wọn mú, ó ní, “Alhaji, sorry o. God go give you another one.” Bàbá rò pé ẹnìkan ló kú nílé, wọ́n ń bi í pé ta ni. Ìgbà tí télọ̀ rí i pé wọn kò mọ nǹkan kan ló tó wá ń kálòlò. Ilé-iṣẹ́ ti dá gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ dúró, wọ́n sì ti lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ ara géètì nígbà tí Bàbá wà ní Ìwó. Láti ìgbà náà ni Bàbá kò ti gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn kọjá mọ́. Bí wọ́n bá ní ohun kan-án rà ní ọjà Mile 3, wọ́n á gba ẹ̀yìn yí ká. Títí Màmá fi kú ni wọ́n ń sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ ló dun Bàbá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn wọ́n ni pé télọ̀ ti mọ̀ kí àwọn tó mọ̀.

Lọ́dún náà gan-an ni Màmá wáṣẹ́ lọ sí Onne, ìlú èbúté kan nítòsí Port Harcourt, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn tí ń wa epo lójú agbami. Wọ́n gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé. Ọwọ́ wọn ni gbogbo ìkéde ọ̀gá ń gbà kọjá, gẹ̀ẹ́sì gbọ̀ǹgbọ̀ràn ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó kan lẹ́nu géètì, òjò Port Harcourt á rọ̀ sí i, ó parí. Àwọn awakireènì, àwọn tó ń so ẹrù, àwọn atukọ̀ àti àwọn alásè kì í wo ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ibiere tó ń sun bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́yìn géètì ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ tiwọn, nítorí pé bí àwọn ọ̀gá bá ń dúró de bọ̀ọ̀lì, ẹnu wọn kì í dúró. Ibiere náà mọ̀ pé òun lolórí ìròyìn. “Ask me, no ask paper,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, tí á sì máa fẹ́ iná rẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2001, wọ́n fi Màmá ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Augustine, tó jẹ́ máníjà gbogbo yáàdì náà, ti rí i pé ìkéde kò wọlé sí etí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe pákó tuntun, kí ó tóbi, kí ó ní gíláàsì àti gílóòbù. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, “Oga, board no get ear. If person wan ask am question, who go answer?” Ọ̀gá Augustine rẹ́rìn-ín, ó ní kí Màmá wá sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pàdé lábẹ́ àgọ́ páànù ní àárọ̀ Mọ́ńdè kí kireènì kankan tó gbéra, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì fi Pidgin sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Màmá ní bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọ ilé ire wo ló fẹ́ dìde kó ní àgbà ṣì í sọ? Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ẹnìkan ṣoṣo, pàápàá bí kò bá dára, ènìyàn méjì ni yóò lọ bá a nílé, kí wọ́n jókòó tì í, gẹ́gẹ́ bí a ti ń túfọ̀ fún ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá. A kì í dúró lójú títì kí á jágbe ọ̀fọ̀ mọ́ni. Màmá ní iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ olórí ilé, ọ̀fọ̀ ni. Ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ náà ni wọ́n ṣèlérí tí àwọn àgbà Onne kò gbàgbé: “As long as I dey this yard, nobody go hear him own matter for gate.”

Ọgbọ́n yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún 2004. Wọ́n fẹ́ fi Ọ̀gbẹ́ni Sotonye, ọmọ Kalabari kan tó ń gbé Borokiri, ṣe olórí àwọn awakireènì. Màmá ní bí a bá ń gbé ìròyìn burúkú lọ sílé onílé, ṣé ti ayọ̀ ni kò wá yẹ kí á gbé lọ? Ni àwọn àti Ọ̀gá Augustine bá gbéra ní kùtùkùtù Sátidé. Màmá wọ funfun, wọ́n da ìbòrí funfun lé e. Ọ̀gá Augustine wọ kóòtù dúdú, nítorí pé ibi ìsìnkú kan ló ń lọ láti ibẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí nínú àwọn méjèèjì pé iṣẹ́ òru ni Sotonye ṣe, kò tíì délé.

Belema ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí ọ̀gá ọkọ rẹ̀ méjì lówùúrọ̀, wọ́n dúró ṣinṣin bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu, ọkọ rẹ̀ kò sì sí láàárín wọn. Ó figbe ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ṣubú lulẹ̀. Kí Màmá tó la ẹnu, gbogbo àgbàlá ti kún fún ẹkún, àwọn kan ti ń kó àga jáde fún àwọn tó fẹ́ wá bá wọn kẹ́dùn. Màmá ń pariwo pé, “Na promotion! Na promotion!” Ńṣe ni ìyẹn tún dá kún un, nítorí pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbà pé ọ̀run ni wọ́n gbé e ga lọ. Àfi bí Sotonye ṣe yọ pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá, tó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. “Who die?” ó bi obìnrin kan. Obìnrin náà kò gbójú sókè, ó ní, “Na Sotonye o!” Búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín tán pé Sotonye rèé láàyè, tí wọ́n ti da omi sí Belema lójú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó gún Màmá lọ́kàn. Ó ní, “Mama, since my husband dey work for una, una never enter this house one day. The first time wey I see una for my door, wetin you want make I think?” Màmá sọ fún wa nílé lọ́jọ́ náà pé àṣìṣe àwọn kì í ṣe ti aṣọ tí àwọn wọ̀. Ẹni tí a kì í rí àfi bí nǹkan bá bàjẹ́, ojú rẹ̀ lásán ti di ìròyìn burúkú.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí àwọn òṣìṣẹ́ nílé láìní iṣẹ́ kankan tí wọ́n fẹ́ jẹ́. Sátidé wo lẹ kò ní rí wọn? Diobu, Borokiri, Eleme, wọn kò yọ ibì kankan sílẹ̀. Wọ́n á mu omi, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á máa lọ. Kí àyà ẹnikẹ́ni má baà já, òkèèrè ni wọ́n ti máa ń kígbe kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà: “Nothing happen o!” Báyìí ni àwọn ọmọ àdúgbò ṣe sọ wọ́n ní “Mama Nothing Happen”, orúkọ náà sì borí Halimah mọ́lẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn.

Áà, ayé dùn nígbà náà! Bí ilé-ìwé bá gbà wá ní ìsinmi, Màmá á mú wa wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Onne. Ìkùukùu á bo ojú ọ̀nà, àwọn atukọ̀ á máa sùn lẹ́yìn, awakọ̀ á máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá á sì máa gberin bí ẹni tí wọ́n bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí ìpàdé Mọ́ńdè bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yìn àgọ́ la máa ń wà pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì Ibiere lọ́wọ́, epo á ti kán sí wa láṣọ. A máa ń gbọ́ bí àwọn géńdé ọkùnrin ṣe ń bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀, tí ọ̀gá ń wí pé, “That one, I never know. I go find out come tell una.” A kò mọ̀ nígbà náà pé ohun ńlá ni kí ọ̀gá gbà pé òun kò mọ̀. Ó ń ṣe wá bíi kí á tún wọ bọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú ẹ̀sìn, Màmá rí ojú rere Ọlọ́run, wọ́n lọ sí Mẹ́kà lọ́dún 2008. Wọ́n jẹ́ aṣíwájú àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì tún jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ọmọ Ìwó. Bàbá papò dà lọ́dún 2011. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: Màmá ní ìbínú. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ kan tó dákẹ́, tó jẹ́ kí onítọ̀hún gbọ́ ọ níta, ó lè ṣe oṣù kan kí wọ́n tó dá a lóhùn ìkíni. Ọláídé jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ nígbà tó fi ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pamọ́.

Lọ́dún 2016, owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ dákẹ́ ní Onne. Lọ́jọ́ Túsìdeé kan, àṣẹ dé láti ọ́fíìsì àgbà ní Èkó pé kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Wọ́n ní kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wọn ní ìrọ̀lẹ́ Fráídè, nígbà tí kálukú bá ti délé, kí wọ́n sì ti pààrọ̀ àgádágodo géètì kó tó di Mọ́ńdè. Ọwọ́ Màmá ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà máa gbà lọ. Ó ku ọdún kan kí àwọn náà fẹ̀yìntì, ọ́fíìsì Èkó sì jẹ́ kó yé wọn pé bí wọ́n bá kọ̀, wọn kò ní parí ọdún náà.

Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Borokiri ni wọ́n gbà lọ, sọ́dọ̀ ìyá wọn. Wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà fún Màmá Àgbà: ìlérí wọn rèé, iṣẹ́ wọn rèé, wọn kò mọ èyí tí àwọn máa fi sílẹ̀. Màmá Àgbà ní, “Halimah, bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Ta ní ní kí o má jíṣẹ́? Bí o ṣe máa jẹ́ ẹ ni kí o rò.” Màmá sùn sí Borokiri lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá wọlé tọ Ọ̀gá Augustine, wọ́n ní àwọn kò ní tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, pé ẹnu ọ̀gá ni àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ìròyìn tó dára, ẹnu rẹ̀ náà ni kí wọ́n ti gbọ́ èyí tí kò dára. Ọ̀gá ní ẹ̀rù ń ba òun, pé àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn lè na òun. Màmá ní, “I go stand beside you. If dem wan beat you, make dem start from me.”

Ní àárọ̀ Fráídè, wọ́n pe gbogbo ènìyàn jọ sábẹ́ àgọ́ páànù. Òógùn bo Ọ̀gá Augustine. Ó ní, “My people, the matter wey I carry come today no sweet, and I no fit send am for phone.” Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ pe orúkọ àwọn tó kàn. Sotonye wà nínú wọn. Ọmọkùnrin kan ju akoto rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni Sotonye dìde, ó ní, “Oga, since when you know?” Ọ̀gá ní láti Túsìdeé ni. Sotonye ní, “Today na Friday. You try.” Ó lọ bọ ọ̀gá lọ́wọ́, àwọn yòókù sì tò tẹ̀lé e. Wọn kò fọ́ gíláàsì kan lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni Màmá sun délé.

Ọ́fíìsì Èkó kò gbàgbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sáńdè kan, a gbọ́ tí ẹnìkan ń kan géètì wa. Ọ̀gá Augustine ni, ẹni kejì tó mú dání sì ni Sotonye, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ọ̀gá kò tíì wọlé tó fi sọ̀rọ̀, ó ní, “Mama, today something happen.” Àwọn méjèèjì jókòó ti Màmá lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ti parí. Màmá ní kí Falilat bu ìrẹsì wá. Wọ́n sọ fún Ọ̀gá Augustine pé, “You come by yourself. E don do.” Ọkàn wọn sì balẹ̀ ní tòótọ́. A jẹ́rìí sí i.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, Màmá kò dẹ́kun Sátidé wọn. Ọ̀rọ̀ Wátsáàpù ni kò bá wọn lára mu. Wọ́n ní ayé tí ènìyàn ti ń rí àwòrán òkú ìyá rẹ̀ lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó pè é, ayé wo nìyẹn? Àrùn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu lọ́dún 2022. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pè wá jókòó, tí wọ́n sọ fún wa. Wọ́n jẹ́ ìpè Ọlọ́run láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù Kejì ọdún 2024, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Wọ́n gbẹ̀yìn sílẹ̀: ìyá wọn, Alhaja Àsàmáù, àwọn ọmọ wọn, Ọláídé, Falilat àti Kíkẹ́, àwọn ọmọ ọmọ méje, àbúrò, ìyekan, àti gbogbo agbo ilé Ọlásúnkànmí àti Akínbíyìí ní Ìwó àti ní Port Harcourt.

Orúkọ tí a kọ́kọ́ kọ yẹn, ti ìyá wọn, ni ọ̀rọ̀ wa tó kù. Láàárọ̀ tí Màmá kú, a ní láti sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn àgbà ẹbí pè láti Ìwó, wọ́n ní kí á má sọ fún Màmá Àgbà. Òbí kì í sin ọmọ. Wọ́n ní kí á sọ pé Halimah rìnrìn àjò, pé títí ọjọ́ wọn náà á fi pé ni kí á máa wí bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti ayébáyé. Kíkẹ́ ló sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀: “So who go come tell Grandma? Neighbour?” A pe Ìwó padà, a bẹ àwọn àgbà, a ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n jẹ́ kí á sọ ọ́, wọ́n sì gbà.

Ọláídé àti Ọ̀gbẹ́ni Sotonye la rán. Màmá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ká òwú. Bí Ọláídé ṣe dọ̀bálẹ̀ tí kò dìde, wọ́n gbé òwú sílẹ̀. Ọláídé jókòó tì wọ́n, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní, “Màmá Àgbà, Màmá wa ti lọ láàárọ̀ yìí.” Màmá Àgbà béèrè pé, “Ìta ti gbọ́?” Ọláídé ní rárá, ilé nìkan ló mọ̀. Wọ́n sunkún, wọn kò fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí wọ́n sunkún tán, wọ́n na ọwọ́ sí Sotonye kó fà wọ́n dìde, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ bu omi àlùwàlá wá fún mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kírun, èmi náà ni n ó kírun sí i lára.” Màmá Àgbà sì kírun sí Màmá lára, kí a tó gbé wọn lọ.

Àkànkẹ́, ọmọ Ìwó Olódò Ọbà, kí Ọlọ́run Ọba tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, kó fi Àlùjánnà onídẹ̀ra ṣe ibùgbé yín. Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ìyá yín ti gbọ́, ẹnu wa ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ. Ẹ sùn ire o, Màmá.